Ògiri Tó Lanu

Ènìyàn mọ́kànlá ló kù ní Valdecorza
lọ́dún tí mo padà dé.
Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ajá pọ̀ ju ènìyàn lọ.
Ilé bàbá ìyá mi ti lanu sílẹ̀ gbàgà,
aláǹgbá ń wọlé, aláǹgbá ń jáde,
kò sẹ́ni tí í bi wọ́n pé níbo lẹ ti ń bọ̀.

Ayàwòrán ilé kan ti Saragọ́sà wá,
Itziar, bàtà rẹ̀ mọ́ jù fún ẹrẹ̀ wa.
Ó ní òun kò fẹ́ sìmẹ́ńtì.
Eleuterio rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi há a lọ́fun.
"Sìmẹ́ńtì la fi pa àwọn ilé yìí, ọmọ mi.
Òkúta ń mí, a lọ dí i nímú."

Baba tí kò dìde fún àlùfáà rí bá dìde,
ó mú wa lọ síbi ààrò ẹfun lẹ́yìn odò,
ẹ̀gún ti bo ẹnu rẹ̀ bí irùngbọ̀n.
A ṣọ́ iná fún ọ̀sán mẹ́ta, òru mẹ́ta.
Baba kò wo aago; èéfín ló ń wò.
"Tó bá funfun bí èémí àgùntàn
ní òwúrọ̀ ọ̀gìnnìtìn, òkúta ti jinná."

Koríko òkè tó ń gé ni lọ́wọ́ la fi ń so eèsún àjà.
Fermina nìkan ló kù tó mọ bí a ṣe ń lọ́ ọ di okùn,
ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú.
Birane, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà tó ń da àgùntàn, jókòó tì í.
Ó ní, "Ìyá mi ń hun ẹní nílé;
ọwọ́ òsì ló fi ń bẹ̀rẹ̀."
Fermina dákẹ́.
Ó gbìyànjú ọwọ́ òsì.
Ẹ wo àjà náà lónìí: apá kan yí sọ́tùn-ún, apá kan yí sósì,
ibi tí wọ́n ti pàdé kò gún,
ṣùgbọ́n kò tú.

A ti di mọ́kàndínlógún, bí a bá ka oyún Amparo mọ́ ọn.
Ilé ìwé ṣì wà ní títì.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni bọ́ọ̀sì ń wá.
N kò ní purọ́ fún yín pé ìlú ti dìde;
ó yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ibùsùn ni, ó béèrè omi.

Lánàá, Itziar fẹ́ dí ihò tó kẹ́yìn lára ògiri wa.
Mo ní kó fi í sílẹ̀, ìwọ̀n ìka mẹ́ta.
Òótọ́ ni pé bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò ní í wọ̀ ọ́.
Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún tí a fi wà ní Bàsẹlónà,
ta ló bá wa ṣọ́lé?