Orúkọ Erékùṣù Wa

Wọ́n ní kí n kọ orúkọ erékùṣù wa síbí,
lókè fọ́ọ̀mù, kí n tó fọwọ́ sí i.
Mo gbé bírò lé bébà, mo tún gbé e kúrò.
Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun nilé mi.
Òkun jìnnà sí Òṣogbo bí ìlérí ṣe jìnnà sí owó.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka omi fún ìjọba.
Igi onílà kan wà létí odò, lẹ́bàá afárá;
mo máa ń ká ṣòkòtò, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀,
máa wo ibi tí omi dé, máa kọ ọ́ sínú ìwé.
Mítà kan àti díẹ̀. Mítà kan àti díẹ̀.
Ọ̀gá mi ní díẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà.
Mo ní kó wá wò ó fúnra rẹ̀. Kò wá.

Nígbà yẹn odò ń kún ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ó ń fà ní Nòfẹ́ńbà,
bí àlejò tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.
Ní báyìí ó lè dé ní Júláì láìkanlẹ̀kùn,
ó sì lè gbẹ lóṣù tó yẹ kó kún.

Lọ́dún tí wọ́n hú igi onílà mi,
tí wọ́n ní kò sówó fún òṣìṣẹ́ tí ń wo omi,
ni omi wá wo èmi náà nílé.
Ó gba ẹ̀yìnkùlé Ìyá Kàmọ́rù wọlé,
ó da ìkòkò aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pò nù;
fún bí wákàtí kan, gbogbo àgbàlá wa dúdú bí ẹlú.
Ọ̀nà di odò níwá, ọ̀nà di odò lẹ́yìn.
Ilé mẹ́tàdínlógún ló ṣẹ́kù lórí gegele,
àwa, àti ewúrẹ́, àti jẹnẹrétọ̀ Gàníyù tí ò ní pẹtiróòlù.
Ọjọ́ mẹ́ta. Bàsíà ìfọṣọ la fi ń tu ọmọdé kọjá.
Ta ló sọ pé dandan ni kí erékùṣù wà lójú òkun?

Ìrànwọ́ dé lẹ́yìn tí ilẹ̀ gbẹ:
ìrẹsì àpò mẹ́fà, mátírẹ́ẹ̀sì mẹ́rin, ayàwòrán méjì.
Wọ́n ní kí Ìyá Kàmọ́rù rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín.
Ó ní ẹnu òun nìkan ló mọ ohun tó ń rín.

Ọmọbìnrin kan bá wọn wá, Oyèfúnkẹ́, kò ya fọ́tò.
Ó béèrè bí omi ṣe ga tó.
Mo gbé ìwé mi jáde, mẹ́rìndínlógún, okùn ni mo fi dì wọ́n.
Ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ó ń ṣí wọn lójú ewé, lójú ewé.
"Bàbá, ọjọ́ yìí ò ní nọ́ńbà."
Mo ní ọjọ́ tí a sin Rábíátù ni. Mi ò lọ sódò.
Ó pa ìwé náà dé bí ẹni pa ilẹ̀kùn iyàrá ọmọ tó ń sùn.

Ó ní owó kan wà, ti àwọn erékùṣù ni,
pé fọ́ọ̀mù ò mọ àdúgbò tó ń di erékùṣù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.
Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n."

Orúkọ: Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, láti ọjọ́ tó bá wu òjò
títí di ọjọ́ tó bá tún wù ú.
Iye ènìyàn: igba ó lé mẹ́rin. Mi ò ka ewúrẹ́.
Ohun tí ẹ ń fẹ́: mo kọ gọ́tà tó jinlẹ̀,
mo kọ afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí irin rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu.
Àyè kù díẹ̀. Mo fún un mọ́ ìsàlẹ̀:
ẹ dá igi onílà mi padà.
Ẹni tí kò wọn omi, omi ni yóò wọ̀n ọ́n.

Òjò ń ṣú lápá Òkè-Baálẹ̀.
Bírò ti fẹ́ gbẹ. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu,
mo fọwọ́ sí i.