Lẹ́tà Kẹtàlá

Ìyá mi ló ní kí n máa kọ ọ́.
Ó ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, a rí òmíràn gbà.
Mo ní, Ìyá, oore wo?
Wọ́n fi ogójì ìṣẹ́jú bi mí
ibi tí mo rí ara mi sí lọ́dún márùn-ún òní,
èmi tí n ò rí owó ọkọ̀ tí yóò gbé mi padà sí Ìsìnkàn.
Ìyá ò fèsì. Ẹ̀wà ló ń ṣà.
Ó kàn fi àgbọ̀n nà sí bíírò mi lójú fèrèsé.

Ti àkọ́kọ́ lọ sí báńkì kan ní Oyèmẹ́kun:
"Mo dúpẹ́ fún àkókò yín tó ṣe iyebíye."
Mo fa igi lé "iyebíye" lórí,
mo tún dá a padà.
Ti kejì, ilé ìwé kan l'Ọ́bà-Ilé,
tí ọ̀gá ibẹ̀ ń jẹ gúgúrú bí mo ṣe ń sọ ìtàn ayé mi.
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà.
Mi ò mẹ́nu ba gúgúrú.

Nígbà tí yóò fi di ìkẹjọ,
ọpẹ́ mi ti ń dún bí ẹ̀bẹ̀.
Àwọn méjèèjì kúkú ń gbé ojúlé kan náà:
ọpẹ́ a kúnlẹ̀, ẹ̀bẹ̀ a kúnlẹ̀,
ẹni tó dúró lókè orí ẹni
kì í bèèrè èwo lèwo.

Mo tẹ òmíràn ránṣẹ́ lórí fóònù,
mo fẹsẹ̀ gbé òmíràn dé Alágbàka
nínú àpòòwé funfun tí òógùn ti tẹ̀ lójú.
Ẹnikẹ́ni ò fèsì.
Irọ́ ni. Iléeṣẹ́ kan fèsì:
wọ́n ní kí n má kọ̀wé sí àdírẹ́sì náà mọ́,
kò sẹ́ni tó ń kà á.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ,
mo gbé tọ́ọ̀ṣì lé èjìká
láti kọ ìkẹtàlá, sí iléeṣẹ́ kòkó kan lójú ọ̀nà Oǹdó.
Mo kọ "Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n,"
ọwọ́ mi sì kọ̀.
Lọ́jọ́ náà, ta ló tiẹ̀ ṣe mí lóore?

Kì í ṣe àwọn mẹ́ta tó jókòó sẹ́yìn tábìlì.
Bàbá Akínmọládùn ni, ti ẹnu géètì,
tó rí i pé okùn sálúbàtà mi já,
tí kò rẹ́rìn-ín,
tó tú wáyà tín-ín-rín kan lára géètì tí wọ́n fi í ṣọ́,
tó kúnlẹ̀, àgbàlagbà, nínú erùpẹ̀,
tó so ó mọ́ mi lẹ́sẹ̀.
Ó ní, "Wọlé lọ. Má wọ́ ọ o.
Ẹsẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò."

Mo fa ìwé náà ya. Mo mú òmíràn.
Mo kọ ojú ìwé kan àti ààbọ̀ sí Bàbá:
pé wáyà náà gbé mi délé,
pé iṣẹ́ yẹn ò bọ́ sí i,
pé mo dúpẹ́.
Mi ò so ìwé-ẹ̀rí kankan mọ́ ọn.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ọlọ́kadà kan já èsì sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá,
ewé tí wọ́n ya nínú ìwé ìṣirò,
ìlọ́po méje lẹ́yìn rẹ̀, olùkọ́ ti fagi lé méjì.

"Ìbídùnní,
èmi ni mò ń sọ ọ́, Ṣíjúadé ọmọ ọmọ mi ló ń kọ ọ́.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gba lẹ́tà lẹ́nu géètì yìí,
ti àwọn ará òkè ni gbogbo ẹ̀.
Èyí tí orúkọ mi wà lára rẹ̀ nìyí.
Mo ní kó kà á lẹ́ẹ̀mẹta.
Wáyà máa ń dípẹtà. Tètè pààrọ̀ ẹ̀."

Mo fi í sínú fáìlì,
láàrin ìwé-ẹ̀rí fásitì àti ti àgùnbánirọ̀.
Lọ́la, láago mẹ́sàn-án, wọ́n ń retí mi ní Ìjàpò.
Ìyá ti lọ aṣọ mi, ó ti kọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà.
Mi ò tíì pààrọ̀ wáyà.