Wọ́n Ní Kí N Má Yára

Ìgbà mẹ́tàdínlógún ni mo gba ojú omi kan náà lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́.
N kò gbé ẹja, n kò gbé èrò Èjìnrìn.
Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló jókòó níwájú ọkọ̀ mi,
ó de ìbòjú dúdú mọ́ ojú méjèèjì,
ó ń fọwọ́ wá afẹ́fẹ́ kiri
bí ẹni tó ń wá ìṣáná lókùnkùn.
Àrínọlá tó ń darí fíìmù ké láti èbúté:
"Bàbá Múnírá, ẹ má yára.
Ẹ jẹ́ kí omi kán tán lára àjẹ̀
kí ẹ tó tún tì í bọ odò."

Èmi tí bàbá mi nà lẹ́gba nítorí ọwọ́ tó falẹ̀,
èmi tí mo ti tukọ̀ sá fún òjò, tí mo tukọ̀ sáré nítorí aboyún,
tí mo ti gbé ọ̀bọ̀kún dé Olúwo kí yìnyín tó yọ́,
n kò mọ̀ pé ìdúró náà jẹ́ iṣẹ́.
Mo gbé àjẹ̀ sókè. Omi kán.
Ó kán.
Lékeléke kan fò kọjá, bóyá ó rò pé a ti kú.
Ó tún kán.

Mo bi ọmọkùnrin náà, Dèǹdé ni wọ́n ń pè é:
"Kí lo ń wò nínú nǹkan yìí?"
Ó ní ike lásán ni, kò síná nínú rẹ̀,
inú ìtàn ni òun ti ń gbá géèmù;
ọ̀sà, ọkọ̀, àti èmi alára, kọ̀ǹpútà ló dá wa.
"Ẹ̀yin ò sì mọ̀ o, Bàbá. Ibẹ̀ ló ti dùn."
Mo rẹ́rìn-ín, mo tutọ́ sómi.
Àrínọlá ní ká tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀,
itọ́ kò sí nínú ìwé.

Wọ́n fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà àti búrẹ́dì kan.

Ọdún yípo kí wọ́n tó ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngàn.
Fíìmù náà ń lọ bí ìgbín tó ru ẹrù ẹlẹ́rù,
àwọn ọ̀dọ́ Pópó-Ọbà ń hó, "Ẹ fà á síwájú!"
Wọ́n ti pa ojú ọ̀run wa láró,
wọ́n ti yọ òpó iná kúrò, wọ́n yọ páànù orí ilé kúrò,
ojúoró ń dán bí góòlù lórí omi tí n kò tù rí.
Ìgbà náà ni ọkùnrin kan gbé àjẹ̀ sókè.
Omi kán lára rẹ̀, ó pẹ́, ó pẹ́,
títí ariwo fi tán lẹ́nu gbogbo ènìyàn,
tí mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé.
Múnírá sọ ọ́ sí mi létí:
"Bàbá, tó bá bọ́ ìbòjú yẹn, níbo lẹ óò wà?"

Dèǹdé bọ́ ọ.
Yàrá kékeré, àga kan, ife tíì tó ti tutù.
Kò sí ọ̀sà. Kò sí mi.
Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Láti ìgbà náà, kí n tó tì kúrò lébùúté,
mo máa ń ti ọwọ́ bọ omi dé ìgúnpá.
Ó tutù. Ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ mi lára.
Àwọn èrò Èjìnrìn ń kùn: "Bàbá, ilẹ̀ ti mọ́, ẹ yára!"
Mo gbé àjẹ̀ sókè, mo ń wò ó.
Èyí tó kẹ́yìn kì í fẹ́ já.