Ìwọ Gbọ́ Tèmi

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Ìwọ gbọ́ tèmi, Tanímọ̀la.
Mo súfèé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́bàá Àkàbà Ìdẹ̀nà,
o ń sáré bọ̀,
alùpùpù elépo gbá ọ lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá rèé.
Dókítà ẹran fi pákó méjì há egungun náà;
mo gé ìró àtijọ́ ìyá mi, mo fi wé e.
O gba ẹ̀kọ tútù lọ́wọ́ mi,
o tu oògùn inú rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Fákóredé kọjá: “Nítorí ajá!”
Mi ò dáhùn.

Lóru, mo ń gbọ́ bí o ṣe ń lá ojú egbò.
Láàárọ̀ yìí o fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dìde,
o ń wò mí lẹ́nu
bíi pé kí n súfèé.
Ètè mi gbẹ.