Ṣíbí Kejìlá, Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọ̀dọ́ ní Àrò

Mo ka ṣíbí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́: mọ́kànlá.
Méjìlá ni mo pín.
N kò pariwo.
Èmi àti Mọrádéyọ̀ ta lúdò; ó pa mí láyò lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún
mo ń tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe sójú,
kí n rí àyà tó ń mí.

Ìyá rẹ̀ wá láti Ìtòkò lánàá.
Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, ibà ni.

Aago mẹ́rin. Òjò lórí páànù.
Ilẹ̀kùn dún. "Bùrọ̀dá, ẹ ò tíì sùn?"
Ó na ṣíbí sí mi, ó gbóná lọ́wọ́ rẹ̀.
"Lálẹ́ ọ̀la, ẹ̀yin náà ni?"

Mo wo ìwé iṣẹ́.
Orúkọ mi ò sí níbẹ̀.
Mo fa lúdò jáde.