Àtẹ́rígbà

Sìdíkátù, ilé ti kọjá ojú fèrèsé.
Jìnádù bíríkìlà ló ní kí n sọ fún ọ bẹ́ẹ̀,
òun tó ń po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì bí ẹni ń ro ẹ̀kọ ọmọ,
tó ń bá mi jà nígbàkigbà tí mo bá pè é ní ọ̀gá.
"Baba, ọ̀gá kì í mu gààrí ọ̀sán láìsí ẹja."

Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ gbọ́.
O ní Èjìnrìn ò níná tó ṣe é gbójú lé,
o ní àwọn ọkọ̀ tó ń kó ọjà wá láyé àwọn ìyá wa
ti jẹrà sínú ẹrẹ̀ tipẹ́,
o ní kí ni arúgbó méjì ń wá lọ síbi tí àwọn ọ̀dọ́ ń sá kúrò.
Òótọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Alẹ́ àkọ́kọ́, nínú àhéré tí Lámídì apẹja yá mi,
oorun ò kùn mí rárá.
Ọdún méjìlélógún ni jẹnẹrétọ̀ onílé fi rọ̀ wá lóorun ní Múṣín.
Ìdákẹ́jẹ́ wá ń hó mọ́ mi létí.
Mo dìde, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ń wá ohun tó bàjẹ́.
Kò sóhun tó bàjẹ́.
Ọ̀pọ̀lọ́ kan ló wà lẹ́bàá korobá,
òun náà ń wò mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ nígbà òjò,
ejìnrìn gun búlọ́ọ̀kù tí a tò sílẹ̀,
ó fà, ó fà, ó bò wọ́n pátápátá,
ó so èso sórí owó ìfẹ̀yìntì mi.
Ìyá Làńtórò tó ń yan ẹja lẹ́tí ọ̀sà rẹ́rìn-ín títí:
"Àbí o ò mọ orúkọ ìlú tí o wá ni?"
Ó bá mi fà á tu. Ó kó ewé rẹ̀ lọ, ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun.

Mo ti ṣe àṣìṣe púpọ̀.
Mo gbin ẹ̀gẹ́ síbi tí omi ń sùn sí lóṣù Agẹmọ,
ó rà, ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ilé ìwé.
Mo fẹ́ kọjú ilé sí ọ̀sà, nítorí ẹwà.
Lámídì ò jiyàn. Ó kàn mú mi jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan
títí atẹ́gùn fi ṣí fìlà mi, tó gbé e fún ẹja.
Ó wá ní, "Òrùlé ńkọ́?"
A yí ìpìlẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí.
Lánàá, Jìnádù wọn ẹnu ọ̀nà,
ó ní bó ṣe ń ga mọ nìyí fún gbogbo ayé.
Mo ní kó fi búlọ́ọ̀kù kan lé e.
Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ (o mọ bí mo ṣe mọ),
ó ní, "Baba, ta ló fẹ́ gba ibí wọlé, àgùnfọn?"
N ò dá a lóhùn.
Mo ń rántí iwájú orí rẹ lábẹ́ àtẹ́rígbà yàrá wa,
àpá kékeré tó wà lókè ojú òsì,
bí o ṣe máa ń tẹrí wọ ibi tí a ń sanwó rẹ̀,
láàárọ̀, lálẹ́, pẹ̀lú korobá omi, pẹ̀lú oyún,
pẹ̀lú òkú Ráṣídì lápá,
bí ẹni tó jẹ onílé ní ìkíni.
"Fi méjì lé e," ni mo wí.

Ilẹ̀kùn tí yóò bá a mu kò sí lọ́jà Ẹ̀pẹ́.
Káfíńtà ní àkànṣe ni, owó rẹ̀ á lé.
Páànù kan ni mo fi dí i báyìí,
ewúrẹ́ Ìyá Làńtórò sì ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé wá bá mi.

Bí o bá rí i pé lẹ́tà yìí já létí, òun ni.
Ọ̀rọ̀ kànga ló wà níbi tó jẹ:
a ti kan omi.
Ó tutù.