Ògbufọ̀

Ní Raahe, létí òkun tó di,
aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán nilẹ̀ ń ṣú lóṣù Kejìlá.
Irmeli tan iná tábìlì, ó wọ awò méjì lé ara wọn,
ó tún dojú kọ ọ̀ràn àná.

Kọ̀ǹpútà Oiva ni, àbúrò rẹ̀ tó lọ nígbà ìrúwé.
Ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín amusìgá,
lẹ́tà kan ti re kúrò lójú rẹ̀.
Ẹ̀rọ tó ń bá a ka díìsìkì ti kú kí Oiva tó kú,
irú rẹ̀ ò sì sí lọ́jà mọ́.
Tuntun tí Irmeli rí rà
(tuntun! òun náà ti tó ẹni tó ń gbéyàwó)
kò gbọ́ èdè àgbà.
Ló bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ògbufọ̀ fún wọn:
bọ́ọ̀dù tí kò ju páálí ìṣáná lọ,
ẹsẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n níhìn-ín, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ́hùn-ún,
òjé yíyọ́ ń dán lẹ́nu wọn bí ìrì.

Lọ́jọ́ kìíní, iná ẹ̀rọ tàn, kò kú.
Kò kà, kò kọ̀, ó kàn ń wò wọ́n ṣáá.
"Ẹ ti dorí wáyà kodò," ni Eelis wí,
ọmọ ará òkè tó wá yá òòlù tí kò tíì lọ.
Òótọ́ ni. Ìlà pupa etí wáyà pẹlẹbẹ náà
kọjú síbi tó yẹ kó kẹ́yìn sí.
Irmeli ṣépè bí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ nílé iṣẹ́ irin,
níbi tó ti lo ọgbọ̀n ọdún.

Lọ́jọ́ kejì, iná kú, kò tàn.
Ó fi mítà tọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò,
mítà ń ké pín-ín, pín-ín,
Eelis ń fi àmì sí i lẹ́yìn páálí bisikíìtì.
Gbogbo ọ̀nà ló là.
A pè, a pè, a ò gbọ́ ẹ́n.

Ta là ń pè gan-an?
Ìbéèrè yẹn ló jí Irmeli láàárín òru.
Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti bí ẹ̀rọ náà,
Ìkejì ni wọ́n sọ ọ́,
kọ̀ǹpútà Oiva ò sì mọ ẹni méjì ju Àkọ́kọ́ lọ.
Táyé ni ọ̀kan ń pè, Kẹ́hìndé ló jókòó sílé,
ta ni yóò jẹ́?
Ó fi abẹ gé bàbà tó tín ju irun ìpéǹpéjú lọ,
ó fi òjé so ó mọ́ ojú kejì.
Ó tún un sọ lórúkọ, láìsí oyin, láìsí iyọ̀,
èéfín nìkan ló ṣẹlẹ́rìí.

Iná tàn, iná kú. Ẹ̀rọ kùn bí ẹni tóorun ò tó.
Síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ń retí "mo ti ṣetán,"
ọ̀rọ̀ tí ìran tuntun kì í sọ mọ́.
"Ẹ parọ́ fún un," ni Eelis wí.
Wọ́n so ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn mọ́lẹ̀:
mo ti ṣetán, mo ti ṣetán, ìbáà sùn, ìbáà jí.
Irmeli ò fẹ́ràn irọ́ yẹn. Ó sì so ó.

Díìsìkì tó mú, Oiva kọ *jää* sí i lára.
Yìnyín ni lédè wọn;
"ó ṣẹ́kù" náà ni.

Lẹ́tà aláwọ̀ ewé yọ lọ́kọ̀ọ̀kan:
*Ọjọ́ kẹsàn-án. Sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélógójì. Ó gbà mí.*
*Ọjọ́ kẹwàá. Mẹ́tàlélógójì. Ó gba èmi àti ajá.*
Lẹ́yìn náà, gàrà, gàrà,
àṣìṣe, àṣìṣe, dé ìsàlẹ̀.

Eelis ti ń wá òwú àti ọtí tí wọ́n fi ń nu orí ẹ̀rọ.
"Ó dọ̀la," ni Irmeli wí.
Ó fa páálí bisikíìtì mọ́ra,
ó wá ibi tí àmì ò kún,
ó sì fi pẹ́ńsùlù da ìlà méjèèjì kọ,
nítorí ẹ̀rọ tí a kọ́ ní irọ́,
a kì í fi gbogbo ọkàn sùn tì í.